Ògiri Kejì ní Ìgàndò

Ajé, 9 Fẹ́búárì 1987

Mo padà sí Ìgàndò lónìí. Láti oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà tí ògiri adágún ẹrẹ̀ ti já, mi ò fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá níbí, tí kò jìnnà sí i, ni mò ń gbé.

Ògiri àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ó la ẹnu sílẹ̀ láàárín bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Ẹrẹ̀ tó tú jáde nínú rẹ̀ ti gbẹ, ó funfun bí ẹfun, ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìdí ògiri títí dé etí odò. Orí igi ọsàn kan ṣoṣo ló yọ níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, mánéjà ilé iṣẹ́ tó ń fọ yanrìn, dúró tì mí, ọ̀rọ̀ yanrìn ló ń sọ. Àwọn tó ń ṣe ìgò ń retí yanrìn funfun, àmọ́ kò sí bí wọ́n ṣe lè fọ yanrìn láìní ibi tí wọn yóò da omi ẹrẹ̀ rẹ̀ sí. Ó fẹ́ adágún tuntun kí òjò ńlá tó dé.

"Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ mọ ilẹ̀ yìí jù," ló wí.

Kò mẹ́nu kan àwòrán. Èmi náà ò mẹ́nu kàn án. Èmi ni mo ya àwòrán ògiri àkọ́kọ́, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni mo yà. Wọ́n gbé e ga dé mẹ́rìndínlógún láìbi mí. Mo gbọ́ nígbà náà pé wọ́n ń gbé e ga. Mo sọ fún ara mi pé màá lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12 Fẹ́búárì

Oòrùn ń jó ilẹ̀. Yésúfù, ọmọ Ìgàndò tí wọ́n fi ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́, mú mi rìn yí ibi iṣẹ́ ká. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, níbi tí ilé mẹ́fà wà, ó dúró níwájú ọ̀kan, ó rọra wí pé, "Ilé Ìyá Sìkírátù nìyí. Ọkọ wọn ni ẹrẹ̀ gbé."

Mo mọ̀. Sùrájù lorúkọ bàbá náà. Ó sáré jáde láàárọ̀ kùtù láti tú ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó gbọ́ ariwo. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ. Mo ti kà á tó ogún ìgbà.

Màmá náà gbé omi jáde fún wa nínú ife onírin. Yóò ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó ní kí a má bínú pé omi ò tutù, pé kànga òun ti dí, odò lòun ti ń pọnmi báyìí.

"Ẹ̀yin lẹ wá ṣe èyí tí ò ní í já?" ló bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọlọ́run á bá yín ṣe é, Ìyá Ẹnjiníà."

Mo mu omi náà tán.

Àìkú, 15 Fẹ́búárì

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ọjọ́ ni mo fi ya àwòrán lórí tábìlì oúnjẹ. Báyọ̀dé ọkọ mi jókòó sódì kejì, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Nígbà tó yá ó gbé ojú sókè.

"Kí ló yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́?"

Mo fi ìka tọ́ka sí i. Ìdí ògiri yìí fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. A ó gbẹ́ kòtò sábẹ́ rẹ̀ títí a ó fi kan amọ̀ líle, a ó wá fi amọ̀ kún un padà kí omi má bàa gba abẹ́ kọjá. Ní ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ pátápátá, yanrìn mímọ́ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò máa fa omi tó bá wọnú ògiri jáde. Lápá ọ̀tún, ojú ìṣàn onísìmẹ́ńtì tí àkúnwọ́sílẹ̀ òjò yóò gbà lọ sódò, dípò kó gba orí ògiri.

Ó wò ó pẹ́. "Tí wọ́n bá tún gbé e ga ńkọ́?"

Mo ká àwòrán náà.

Ẹtì, 27 Fẹ́búárì

A ti gbẹ́ kòtò tán, àfi apá òsì. Ìkángun ògiri àtijọ́, bí ogún ìṣísẹ̀, ṣì so mọ́ òkè níbẹ̀. Ó yẹ ká hú u kúrò ká tó mọ tuntun. Àmọ́ katakátá tí a yá yóò lọ lọ́la, àwọn tó ni ín ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹlòmíràn ní Àgbàdo. Akínbọ́lá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ẹ jẹ́ ká so tuntun mọ́ ọn." Yésúfù fi dígà lù ú, ó ní ó le bí òkúta. Èmi náà lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dún bí ohun tó le.

Ẹ̀yìn ń dùn mí, eruku ti kún ojú mi. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 11 Máàṣì

Rólà tó ń tẹ amọ̀ mọ́lẹ̀ bàjẹ́. A jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 19 Máàṣì

Òjò kan já lu wá lánàá láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ yìí, wọ́n ti tẹ́ amọ̀ tuntun lé orí èyí tí òjò pa, rólà ti gorí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fún un. Omi ń jáde láàárín ìka mi.

Mo ní kí wọ́n hú gbogbo rẹ̀, ìpele mẹ́ta, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Yésúfù bọ́ fìlà rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Mi ò tíì rí i kó bínú rí. "Ẹnjiníà, àwọn èèyàn yìí ti ṣiṣẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ jáde lọ́wọ́ wọn. Oòrùn á gbẹ ẹ́!"

"Òkè ni oòrùn á gbẹ. Inú á máa rọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti yọ̀ lọ́jọ́ tí ẹrẹ̀ bá kún."

"Ta ló máa mọ̀?"

Mo kàn yíjú sí ìsàlẹ̀, síbi tí aṣọ Ìyá Sìkírátù wà lórí okùn. Ó wo ibi tí mò ń wò. Ó mú fìlà rẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó gbé ṣọ́bìrì. Òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hú u.

Ajé, 6 Épírì

Ògiri ti dé ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ìnṣì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni à ń tẹ́ amọ̀, rólà ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá dijú, rólà ni mò ń rí.

Lọ́sàn-án Ìyá Sìkírátù ránṣẹ́ pè mí wá jẹ iṣu. Mo fẹ́ kọ̀, àmọ́ èèyàn ò lè máa kọ oúnjẹ àgbà. Ó ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé ó lọ sóko ni. Ó ní kì í lè jẹ iṣu láì kọ́kọ́ fi díẹ̀ fún ewúrẹ́. Ó ní Sìkírátù, ọmọ wọn tó wà nílé ọkọ ní Àgbàdo, ń sọ pé kí màmá òun kó wá bá òun.

"Mo ní, ta ni màá fi bàbá rẹ sílẹ̀ fún?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yìn ilé níbí la sin wọ́n sí. Ọjọ́ kejì la tó rí wọn. Ẹ jẹun, Ìyá Ẹnjiníà, ẹ ò fọwọ́ kan iṣu yín."

Ajé, 20 Épírì

Ọjọ́ kejì Àjíǹde. Báyọ̀dé fẹ́ ká lọ kí àwọn ará Èkìtì tó wà ní àdúgbò Pleasure. Mo ní kó máa lọ. Ó jókòó tì mí lórí ibùsùn.

"Adébùnmí, ìwọ kọ́ lo gbé e ga."

"Mo gbọ́ pé wọ́n ń gbé e ga."

"Ṣé o ti sọ fún màmá yẹn?"

"Rárá."

"Àbí ìyẹn ló ń jẹ ọ́ tán báyìí?" Ó dìde, ó lọ bọ́ aṣọ òde rẹ̀. Kò lọ mọ́. Ó se ìrẹsì fún àwa méjèèjì, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo jẹ gbogbo rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 5 Méè

Ààwẹ̀ ti wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà á. Mo yí àkókò iṣẹ́ padà, agogo mẹ́fà àárọ̀ sí agogo kan ọ̀sán. Akínbọ́lá ń ráhùn. Epo dísẹ́ẹ̀lì tún ti wọ́n sí i, a sì tò fún wákàtí mẹ́rin ní Ìyànà Ìpájà ká tó rí rà. A ti rì ọ̀pá páìpù mẹ́ta sínú ògiri, tí a ó máa yọjú wò láti mọ ibi tí omi dé nínú rẹ̀. Gbígbẹ ni gbogbo wọn báyìí. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ìṣẹ́gun, 12 Méè

Mo sọ fún un.

Mi ò mọ̀ pé màá sọ ọ́ lónìí. Ó jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà tí yóò fi ṣínu. Mo kí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi: "Ẹ ò ní í fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sunkún." Mi ò lè ṣe àmín. Orúnkún mi kan ilẹ̀.

"Màmá, ògiri tó já lọ́jọ́sí, èmi ni mo ya àwòrán rẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. "Ẹ̀yin?"

"Èmi ni, mà. Wọ́n gbé e ga ju bí mo ṣe yà á lọ."

"Wọn ò sọ fún yín?"

Ó lè parí síbẹ̀. Mo lè ní wọn ò sọ fún mi. "Wọn ò bi mí. Àmọ́ mo gbọ́. Mi ò wá wò ó."

"Kí lẹ̀ ń ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, tí ẹ ò fi lè wá?"

Mo ronú. Mo fẹ́ rí nǹkan kan, àìsàn, òkú, ohunkóhun. "Mi ò rántí mọ́, mà."

Ó gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀, ó wọlé. Kò gbá ilẹ̀kùn. Ó rọra tì í ni.

Ẹtì, 15 Méè

Mo kí i lóròówúrọ̀. Kò jẹ́ mi. Yésúfù rí i.

Ọjọ́rú, 27 Méè

Ògiri parí lónìí, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Sìmẹ́ńtì ojú ìṣàn ti gbẹ. Mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára òpó onírin tí a rì sáàárín adágún, níbi tó ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kó dé orí ògiri. Ẹrẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ìlà náà láéláé. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀la tàbí ọ̀túnla ni ìtúnu ààwẹ̀. Mo délé, mo sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ajé, 8 Júùnù

A bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹrẹ̀ sínú adágún. Mo mú Yésúfù lọ sẹ́yìn ògiri, mo fi omi tó ń jáde láti inú òkúta wẹ́wẹ́ hàn án. "Kò sí ògiri tí kì í làágùn. Tí òógùn rẹ̀ bá mọ́, ọkàn rẹ balẹ̀. Ọjọ́ tí o bá rí i tó dàrú, ìyẹn ni pé ògiri ń jẹ ara rẹ̀ láti inú. Ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú kí o tó pè mí."

Ìyá Sìkírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Mo kí i, ó wọlé.

Ọjọ́rú, 24 Júùnù

Màá kọ ọ́ kí n tó sùn.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lánàá, kò dá. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, mo dúró ní ojú ìṣàn, omi ń gba ibẹ̀ lọ geerege bí mo ṣe yà á. Mo rí ẹnì kan tó ń gun òkè bọ̀ nínú òjò, ìró rẹ̀ ti di orúnkún. Ìyá Sìkírátù ni. Ó ń mí gúlegúle.

"Lápá òsì," ló wí. "Omi kan ń tú jáde. Ó dà bí omi ògì."

Ìkángun tí mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi.

Mo ní, "Màmá, ẹ kó gbogbo ará ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gòkè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú nǹkan kan." Ó ti yípadà kí n tó sọ tán.

Mo sáré débẹ̀. Ihò kan tó fẹ̀ tó ẹnu ìkòkò ti là ní ìdí ògiri àtijọ́, omi funfun ń hó jáde nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń ti ẹrẹ̀ sínú adágún ṣì ń dún lókè. Mo pariwo kí wọ́n pa á. Akínbọ́lá yọ jáde pẹ̀lú agboòrùn.

"Ẹ má pa á o! Lọ́rì mẹ́rin ló ń dúró de yanrìn!"

"Yésúfù, pa á!"

Yésúfù wo mánéjà. Ó wò mí. Ó lọ, ó pa á.

Ẹni tí ò mọ̀ á fẹ́ fi amọ̀ dí ihò náà. Tí a bá dí i, yóò wá ibòmíràn gbà, bóyá ibi tí a ò ní í rí. Yanrìn mímọ́ ni a kọ́kọ́ dà lé e, kí omi lè kọjá kí erùpẹ̀ má lè bá a lọ. Ó ń fọ́n ọn dànù, à ń da òmíràn. Àwọn ará ìsàlẹ̀ tó ti gòkè sọ̀ kalẹ̀ padà pẹ̀lú agbọ̀n àti páànù. Mo lé wọn, wọn ò lọ. Ìyá Sìkírátù ru yanrìn lórí bí ọ̀dọ́. Lẹ́yìn yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà òkúta ńlá. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ṣubú.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, omi tó ń jáde bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Mo bu ú sọ́wọ́, mo rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi nísàlẹ̀ rẹ̀.

Yésúfù jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní àbúrò bàbá òun ni Sùrájù. Kò sọ fún mi rí.

Ọjọ́bọ̀, 25 Júùnù

Ibà. Mi ò lè dìde.

Ajé, 29 Júùnù

Akínbọ́lá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo ní rárá, àfi kí a hú ìkángun àtijọ́ kúrò, ká tún un mọ.

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ká fi í sílẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ dábàá rẹ̀, èmi ni mo gbà. Ẹ̀bi mi ni, mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ẹnjiníà pọ̀ ní Èkó bí yanrìn, òun á pe ẹlòmíràn. Ó pàṣẹ kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó mira. Ó lọ láti tan án fúnra rẹ̀.

Ìyá Sìkírátù ti jókòó síbẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó dé. Ó gbé àpótí rẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì náà gan-an, ó kó ẹsẹ̀ lé páìpù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ dìde níbẹ̀."

"Mi ò dìde. Ẹ ti gbé ọ̀kan nílé mi." Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Tí ẹ bá fẹ́ tan án, ẹ gbé mi sínú adágún yẹn ná."

Àwọn ìyá mẹ́ta mìíràn láti ìsàlẹ̀ dé, wọ́n jókòó tì í. Yésúfù jókòó. Ó ku díẹ̀ kí agogo méjì lù, Akínbọ́lá wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ bá àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́. Ó padà dé lágogo márùn-ún. Ó ní ká hú u. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìṣẹ́gun, 14 Júláì

Dígà àti ṣọ́bìrì la fi hú u, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko. Èèpo rẹ̀ le lóòótọ́. Inú rẹ̀, ihò ikán ni, ó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo lè ti apá mi bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹta péré ní Fẹ́búárì. Mi ò gbẹ́ ẹ wò.

Àbámẹ́ta, 8 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lóṣù yìí. Apá òsì ti dì mọ́ òkè, amọ̀ tuntun látòkè délẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Omi ẹ̀yìn ògiri mọ́. Ilé iṣẹ́ ti fọwọ́ sí i pé èmi ni màá máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti pé Yésúfù lè pa ẹ́ńjìnnì nígbàkígbà láìgba àṣẹ. Wọ́n ní àwọn á gbẹ́ kànga tuntun. Mi ò tíì rí ẹni tó gbé dígà.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún Ìyá Sìkírátù. Ó ń gbá iwájú ilé. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Adébùnmí," ló wí.

"Mà."

"Mi ò tíì dárí jì ọ́. Mo ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìrun, kò tíì dé. Tí mo bá ní ó ti tán, irọ́ ni."

"Mo gbọ́, mà."

Ó fi ọwọ̀ ti ara ògiri ilé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó mi orí. "Wo bí o ṣe rù. Ìgbà wo lo sùn gbẹ̀yìn?"

Ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ibòji wà.

"Dùbúlẹ̀."

Mo dùbúlẹ̀. Mo rò pé màá kàn dijú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo jí, oòrùn ti lọ sẹ́yìn ilé, ìborùn rẹ̀ sì wà lára mi. Òun fúnra rẹ̀ ti lọ sódò.